Rùfáì Kọ́ Èdè Ọmọ Ọmọ Rẹ̀

Kí tọmọdé tàgbà gbọ́ o, kí wọ́n sì mú un ní ọ̀rọ̀ ńlá: Rùfáì Ògúnjìmí, tí gbogbo ìsọ̀ ọlọ́wùú ní Òṣòdì ń pè ní Bàbá Teslim, kì í kọ́kọ́ pa fóònù. Láti ìgbà tó ti ń lo fóònù, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé Rùfáì pa á mọ́ òun lẹ́nu rí. Ó ní ẹni tó bá pa fóònù kí ẹnì kejì tó pa tirẹ̀, ńṣe ló ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò ní gìgísẹ̀. Ẹni tó bá ṣi nọ́ńbà pè é, á dúró tì í títí onítọ̀hún á fi tọrọ àforíjì tán. Ẹ̀rọ tó máa ń pè láti ilé-iṣẹ́ fóònù pé kí a tẹ oókan ká lè máa gbọ́ orin, Rùfáì á gbọ́ ọ dópin, á ní, "Ẹ ṣeun, ó dàbọ̀." Ẹ̀rọ náà kò dá a lóhùn rí. Rùfáì kò ka ìyẹn sí ẹ̀gàn. Ẹ̀rọ ni, wọn kò kọ́ ọ nílé.

Ẹ fi ìwà yẹn sápò ná.

Òwú, bọ́tìnnì, sípù àti rọ́bà ìdí ṣòkòtò ni Rùfáì ń tà fún àwọn télọ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, òun àti Ìsíátù ìyàwó rẹ̀ sì ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ ní Ìsọlọ̀, níbi tí bàálù ti máa ń fò kọjá lórí òrùlé débi pé àlejò á sáré tẹrí ba. Teslim nìkan ni ọmọ tí Ọlọ́run dá sí fún wọn. Bàálù ló gbé Teslim lọ sí Kánádà. Ó bí ọmọkùnrin kan síbẹ̀. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, Rùfáì fi orúkọ ránṣẹ́ lórí fóònù, ó ní kí ọmọ náà máa jẹ́ Ọmọ́bọ́lájí, gbogbo wọn sì ṣe àmín. Orúkọ tí ọmọ náà ń jẹ́ ni Diamond.

Diamond ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, kò sì gbọ́ Yorùbá. Teslim kò kọ́ ọ, nítorí òun náà kì í sọ ọ́ nílé. Kì í sọ ọ́ nílé nítorí kò mọ́ ọn lẹ́nu. Kò mọ́ ọn lẹ́nu nítorí pé ní iléèwé tó lọ ní kékeré, ńṣe ni wọ́n máa ń fi pákó kọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá lọ́rùn, kí gbogbo ayé lè mọ ọ̀daràn. Iléèwé tó dára púpọ̀ ni. Rùfáì fúnra rẹ̀ ló wá a rí, kì í sì í yé yin ọ̀gá ibẹ̀. Nílé pàápàá, tí Teslim bá ti lanu pé, "Bàbá, ebi ń pa mí," Rùfáì á ní, "Sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì!" Ọmọ á sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, bàbá rẹ̀ kò ní gbọ́ ohun tó sọ, inú rẹ̀ á sì dùn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibi tó dé nìyẹn. Ní Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìrun Alásárì, Teslim á pè wọ́n ní fídíò, á gbé ojú ọmọ rẹ̀ síwájú fóònù. Rùfáì á ní, "How are you?" Diamond á ní, "Fine." Rùfáì á ní, "You have eat?" Diamond á ní, "Yes." Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn méjèèjì á máa wo ara wọn bí aláìsàn méjì tó ń dúró de dókítà kan.

Ní Sọ́ńdè kan, kí ojú ọmọ tó yọ, ohùn rẹ̀ ti kọ́kọ́ yọ. Ó ń ráhùn fún bàbá rẹ̀: "Do I have to? He only asks if I've eaten."

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni Rùfáì gbọ́. Àmọ́ ó gbọ́ "only," ó gbọ́ "eaten," ohùn ọmọdé tí nǹkan sú kò sì nílò ògbufọ̀. Teslim ló padà yọjú.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ó ní òun ò rí nǹkan bá yín sọ."

"Ṣé òun ni kò rí nǹkan sọ, àbí èmi?"

"Ẹ̀yin méjèèjì ni sà." Teslim họrí. "Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Tó bá di ọjọ́ Iléyá, ẹ wá nǹkan gidi bá a sọ. Tí kò bá wá wù ú lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní fipá mú un mọ́. Wọn kì í fipá mú ọmọdé níbí."

Rùfáì dúró títí ọmọ rẹ̀ fi pa fóònù, ó wá jókòó. Ọmọ tí wọn kò bá fipá mú ní ọdún mẹ́fà, tó bá fi máa di ọmọ ọdún mẹ́wàá, á máa sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé bàbá òun ní bàbá kan níbì kan.

Ìsíátù ló mú àbá wá. "Ẹ pa ìtàn fún un. Ọmọ wo ni kì í fẹ́ ìtàn? Ẹ sọ ti bàbá ẹ̀ àti igi máńgòrò."

Ìtàn náà dára lóòótọ́. Nígbà tí Teslim wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, ó gun igi máńgòrò onílé wọn, ó ní òun fẹ́ fọwọ́ kan ikùn bàálù. Bàálù dé, ọmọ náà dìde dúró lórí ẹ̀ka, ó na ọwọ́, ó já bọ́, apá rẹ̀ sì kán. Rùfáì pọ̀n ọ́n, ó sáré láì wọ bàtà lọ sí ọsibítù. Gbogbo ojú ọ̀nà, Teslim kò sunkún. Ọ̀rọ̀ kan ló sọ sí bàbá rẹ̀ létí láti ẹ̀yìn: "Bàbá, mo fọwọ́ kàn án." Títí di òní, kò tíì sí ẹni tó já a nírọ́.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ tán. Gẹ̀ẹ́sì ọjà sì ni Gẹ̀ẹ́sì Rùfáì, Gẹ̀ẹ́sì òní: "Customer, come." "Bring money." "This one strong." Kò sí àná kankan nínú rẹ̀.

Ní Ire-Akari, nínú gáréèjì kan tí mọ́tò ti kúrò, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Olúfọlákẹ́ máa ń kọ́ àwọn ọmọdé ní lẹ́sọ̀nù lẹ́yìn iléèwé. Rùfáì lọ bá a níbẹ̀.

"Bàbá, ọmọ pírámárì ni mò ń kọ́ o."

"Àwọn gan-an ni mo fẹ́ bá jókòó. Ẹgbẹ́ ọmọ ọmọ mi ni wọ́n."

"Àga wa kéré sà."

"Ìdí témi náà ò tóbi."

Bàbá arúgbó wá jókòó sáàárín wọn, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n. Àlàájì ni àwọn ọmọ ń pè é. Ẹni tó bá ní irùngbọ̀n, tó tún ní ṣọ́ọ̀bù l'Óṣòdì, bí kò tilẹ̀ dé Mẹ́kà, wọ́n gbà pé ó ti dé ìtòsí ibẹ̀.

Fọlákẹ́ kọ ọ́ sára pátákó: go, went, gone, eat, ate, eaten, fall, fell, fallen. Àwọn ọmọ ń kọ ọ́ lórin. Rùfáì nawọ́ sókè.

"Àǹtí tíṣà, ẹ dákun. Kí ni 'go' ṣe tó fi di 'went'?"

"Ó ti kọjá ni, Bàbá. Tó bá ti jẹ́ àná, 'went' ni."

"Tí mo bá lọ lánàá, lọ náà ni mo lọ. Tí mo bá máa lọ lọ́la, lọ náà ni. Ta ló ń lé 'go' kiri tó fi ń yí orúkọ padà bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, èmi kọ́ ni mo ṣe é o," ni Fọlákẹ́ wí. "Bí mo ṣe bá a nìyẹn."

"Ṣé gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Rárá o. 'Cut,' cut náà ni, ì báà jẹ́ àná. 'Put,' put náà ni."

"Ẹ ò rí nǹkan? Àwọn yẹn nílé tí wọ́n ti wá."

Òfin kíláàsì náà ni pé ẹni tó bá ṣì í á dìde dúró títí ìbéèrè á tún fi kàn án. Ní ọjọ́ tí Rùfáì kọ́kọ́ ṣì í, tó ní "breaked," Fọlákẹ́ bojú wolẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ pé kó ní kí ẹni tó ju bàbá òun lọ dìde. Rùfáì ló fúnra rẹ̀ dìde, ó ní òfin ni òfin. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wá dojú rú, nítorí àwọn ọmọ náà nílé tí wọ́n ti wá. Ọmọ kan dìde, ó ní, "Àlàájì, ẹ jókòó." Rùfáì ní rárá, òun ṣì í ni. Òmíràn dìde. Ìgbà tí àgbàlagbà kò jókòó, ọmọ wo ló máa jókòó? Kò pẹ́ tí gbogbo kíláàsì fi wà lórí ìdúró nítorí "breaked." Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tí Rùfáì bá ṣì í, gbogbo gáréèjì á gbéra. Ìyá ọmọ kan tiẹ̀ wá bèèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ náà tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló máa ń dùn wọ́n.

Fọlákẹ́ wá gbà á nímọ̀ràn. "Bàbá, ẹ má kàn máa kọ ọ́ lórin. Ẹ fi máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí yín. Tó bá dìrọ̀lẹ́, ẹ sọ gbogbo ọjọ́ yín ní Gẹ̀ẹ́sì."

Rùfáì gbọ́ràn. Bó bá ti ń palẹ̀ ọjà mọ́, á bẹ̀rẹ̀: "Today I woke. I came. I sat. One woman came. She saw zip. She held zip. She said zip is short. She left."

Adébánjọ, tó ń ta aṣọ ìtẹ́nú ní ìsọ̀ kejì, gbọ́ ọ títí, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Bàbá Teslim, ta lẹ̀ ń jábọ̀ fún?"

"Àná ni mò ń kọ́."

"Èmi ń tiraka kí n gbàgbé ọjà òní, ẹ̀yin ń tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé ìyà tá a jẹ ní Yorùbá ò tó yín ni?"

"Forget, forgot, forgotten," ni Rùfáì dá a lóhùn.

"Ẹ gbà mí o! Ó bú mi lẹ́ẹ̀mẹta!"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Àmọ́ ohun kan wà nínú ìjábọ̀ ìrọ̀lẹ́ náà tí Rùfáì kò sọ fún Adébánjọ. Ní Yorùbá, kò sí ẹni tó máa ń jókòó ka ọjọ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó dé Gẹ̀ẹ́sì ló tó rí i pé ìjábọ̀ àná kò yàtọ̀ sí ti òní, ti òní kò sì yàtọ̀ sí ti ìjẹta. I woke. I sat. I sold. I went back. Ó ti tó ogójì ọdún tó ti ń gbé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò mọ̀ pé ó kúrú tó báyìí.

Ó tún bi Fọlákẹ́ léèrè nǹkan kan. "Teslim. Ṣé 'he went to Canada' ni, àbí 'he has gone to Canada'?"

"Tí ẹ bá ní 'he went,' ó lè ti padà dé, Bàbá. Tí ẹ bá ní 'he has gone,' a jẹ́ pé kò sí nílé báyìí."

Rùfáì rò ó díẹ̀. "Gone ni tèmi," ló wí, ó sì jókòó.

Bí Iléyá ti ń sún mọ́lé, Fọlákẹ́ ní ó ku nǹkan kan. "Ẹ ò kàn lè kó wọ inú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin á ní, 'Story, story!' Ọmọ á ní, 'Story!' Ẹ̀yin á ní, 'Once upon a time!' Òun á ní, 'Time, time!' Ìgbà yẹn lẹ máa tó bẹ̀rẹ̀."

Inú Rùfáì dùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é ní Ìsẹ́yìn: apàlọ́ á pè, ọmọdé á dáhùn. Tí wọn kò bá dáhùn, a jẹ́ pé wọ́n ti sùn. Wọ́n á da aṣọ bò wọ́n, ó parí.

"Ṣé gbogbo ọmọ òyìnbó ló mọ ìdáhùn yẹn?"

"Ha, Bàbá! Ṣebí àwọn ló ni Gẹ̀ẹ́sì."

Fọlákẹ́ kò dé òkè òkun rí. Ẹnu tíṣà tirẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, tíṣà náà sì gbọ́ ọ nínú tẹlifíṣọ̀n wa níbí. Ohun tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà mọ̀ ní èdè òyìnbó, ó dájú pé òyìnbó á ti mọ̀ ọ́n ṣáájú wọn.

Wọ́n fi dánra wò ní gáréèjì. Rùfáì ké, "Story, story!" Ìdáhùn àwọn ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù òrùlé. "Once upon a time!" "Time, time!" Ẹnu Rùfáì là. Climbed, flew, stood, fell, broke, ran, gbogbo wọn jáde bí ọmọ ogun, kò sí èyí tó ṣẹsẹ̀. Nígbà tó dé ibi "Daddy, I touched it," àwọn ọmọ na ọrùn síwájú. Ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Mardiyah wá bi í pé, "Àlàájì, ṣé lóòótọ́ ló fọwọ́ kàn án?"

Rùfáì nu ojú. Ìbéèrè tó fẹ́ kí Diamond bi òun gan-an nìyẹn.

Ọjọ́ Iléyá dé. Wọ́n ti kírun, wọ́n ti pa àgbò, Ìsíátù wà nídìí ẹran tó ń dín ní kíṣìnnì. Rùfáì wọ agbádá, ó gbé fóònù ti ife, ó jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ìwé ìrìnnà. Teslim pè láti orí táblẹ́ẹ̀tì tí ọmọ rẹ̀ fi ń wo eré.

"Bàbá, ẹ kú ọdún o. Ọmọ yín rèé. Mo fẹ́ sáré wẹ̀ ká lè tètè lọ kírun."

Ó lọ. Ó ku Rùfáì àti Diamond.

"Hi, Grandpa."

"Diamond. How are you?"

"Fine." Ojú ọmọ náà ti ń wá ibòmíràn lọ.

Rùfáì húkọ́ díẹ̀. Ó gbé ọwọ́ agbádá sí èjìká. "Story, story!"

Diamond bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tí Rùfáì ń bá sọ̀rọ̀.

Rùfáì rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ó gbé ohùn sókè sí i. "Story, story!"

"What story?"

Èyí kọ́ ni ìdáhùn náà. Rùfáì fi sùúrù tọ́ ọ sọ́nà. "You say, 'Story.'"

"Story," ni Diamond wí, bí ẹni tí wọ́n ní kó la ẹnu gba oògùn.

"Once upon a time!"

"When?" ni Diamond bèèrè.

Gbogbo fell, gbogbo broke wà lẹ́nu Rùfáì, wọ́n tò sílẹ̀, wọ́n ń retí kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tó ti sùn, ó mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó sọ fún un rí ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tó lajú sílẹ̀ kedere tí kò sì dáhùn.

Àfi bí bàálù kan ṣe gba orí òrùlé kọjá. Ife mì, fóònù mì.

"What's that?" Fún ìgbà àkọ́kọ́, ojú ọmọ náà tàn.

"Plane," ni Rùfáì wí. Ọ̀nà rèé o, ó là gbooro, bàálù fúnra rẹ̀ ló wá là á. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì ṣí ìtàn. Rùfáì ń dúró de "Time, time." Ẹnu rẹ̀ kò sì lè dúró lófo. "Plane... fly. Flew. Flown."

Diamond mi orí, bí wọ́n ṣe ń mi orí fún ọmọ tó gbìyànjú ní iléèwé wọn. "Good job, Grandpa." Àánú sì wà lójú rẹ̀, ọmọ dáadáa ni. Ó wá ọ̀rọ̀ tó máa sọ sí i, ó wá a, ó rí i. "Have you eaten?"

"Yes," ni Rùfáì wí.

"Okay. Bye!"

Ó tẹ́ táblẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó sáré lọ. Kò pa á. Ohun tó kù lójú fóònù Rùfáì ni àjà ilé kan ní Kánádà, funfun báláú, pẹ̀lú iná róbótó kan láàárín.

Láti kíṣìnnì ni ohùn Ìsíátù ti jáde. "Time, time!"

Rùfáì kò yíjú. "Ìwọ kọ́ ni mo pè."

"Mo mọ̀. Ẹnì kan ṣá ti dáhùn."

Ìtàn tí wọ́n bá ti dáhùn kò ṣeé fi sílẹ̀ sórí ìdúró. Rùfáì kọjú sí àjà ilé náà, ó sì sọ ọ́ fún un. When your daddy was six, he climbed one tree. The plane came, it flew low. He stood. He fell. He broke his hand. I took him, I ran. He did not weep. He said, "Daddy, I touched it." Kò ṣi ẹyọ kan. Ká ní gáréèjì Ire-Akari ni, gbogbo kíláàsì ì bá wà lórí ìjókòó.

Àjà kò bèèrè bóyá lóòótọ́ ló fọwọ́ kàn án. Ìsíátù dúró lẹ́nu ọ̀nà fúngbà díẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó padà sídìí ẹran kí ó má baà jóná.

Ohùn Teslim dún láti òkèèrè: "Is Grandpa done?"

"Yeah," ni Diamond wí. "He's done."

Do, did, done. Rùfáì mọ ìyẹn náà. Ó gbọ́ tí wọ́n ń wọ bàtà. Ó gbọ́ ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ mọ́tò tó ṣáná, tó sì lọ.

"Ó dàbọ̀ o," ni Rùfáì wí fún àjà ilé, ohùn rẹ̀ sì kún fún ọ̀wọ̀. Àjà kò fèsì. Iná róbótó náà kò kúrò níbi tó wà. Ìsíátù bu ẹran wá, ẹran náà tutù. Àwọn aládùúgbò kírun Alásárì tán, détà ń jó lọ, fóònù ṣì wà níwájú rẹ̀, ó ṣí sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwà, ẹ dákun: bí èèyàn bá ń bá àjà ilé sọ̀rọ̀ lórí fóònù, nínú àwọn méjèèjì, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ pa á?